Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní Mọníyà: ibo ni kó yà sí n'Ìbàdàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Agége ni mò ń gbé. Nígbà kan mo kó àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro Èkó. A sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó Tíátà ní Ìgànmú, ẹsẹ̀ la sì fi rìn lọ wo ilé náà. Inú wọn dùn gan-an. Ní ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, mo fẹ́ kó wọn wọ rélùwéè wá sí Ìbàdàn. Ìyá mi náà á bá wa wá. Ẹni ọdún 72 ni wọ́n, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìgbafẹ́ wo ló wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé? Ọjọ́ kan náà la fẹ́ fi lọ, ká fi bọ̀. Ìyá Ìbejì, Agége.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àbójútó ọmọ. Ẹdúnjọbí á dàgbà lójú yín, wọ́n á sì fún yín jẹ. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ ní mo ń retí wọn n'Ìbàdàn.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ibùdókọ̀ ojú irin Mọníyà. Ibùdókọ̀ náà, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lápá ọ̀nà Ọ̀yọ́. Láti ibẹ̀ dé Dùgbẹ̀ ju kìlómítà 15 lọ. Ti Ìgànmú tí ẹ mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá Tíátà ni wọ́n gbé ibùdó yẹn sí. Ní Mọníyà, bí ẹ bá jáde ní tésàn, ọkọ̀ ni ẹ tún máa wọ̀.

Ìdí tó fi jìnnà bẹ́ẹ̀ yẹ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ, torí ìtàn ìlú wà nínú rẹ̀. Ojú irin méjì ló wọ Ìbàdàn. Ti àkọ́kọ́ dé láti Èkó ní ọdún 1901, ó sì dúró sí Dùgbẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀yìn ìlú nígbà náà. Bí rélùwéè ṣe ń kó kòkó lọ sí Èkó, tó ń kó ọjà òkè òkun bọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kó lọ bá a, báńkì tẹ̀ lé wọn, àwọn ọlọ́jà tẹ̀ lé báńkì. Tésàn ló sọ Dùgbẹ̀ di Dùgbẹ̀. Ìkejì ni èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀, tó gùn tó bíi kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Òun náà dúró sẹ́yìn ìlú. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ìbejì yín dàgbà kí wọ́n sì rí i tí ìlú lọ bá a níbẹ̀.

Ohun kejì ni àkókò. Nínú irú ìrìn yìí, ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ padà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó mú ibi tí ẹ máa lọ. Ọkọ̀ òwúrọ̀ sábà máa ń gbéra l'Ékòó ní agogo mẹ́jọ, èyí tó ń kúrò n'Ìbàdàn lọ́sàn-án sì sábà máa ń jẹ́ agogo mẹ́rin. Wọ́n máa ń yí i, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ rélùwéè tí ẹ ti máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti wo ti ọjọ́ yín. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá dé Mọníyà kí agogo mọ́kànlá tó lù, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ ti padà síbẹ̀ ní agogo mẹ́ta àbọ̀, wákàtí márùn-ún kò pé. Ẹ yọ wákàtí kan àbọ̀ fún àlọ àti àbọ̀ láàárín ìlú. Ẹ yọ ti oúnjẹ, torí ebi ọmọ kì í gbọ́ "ẹ dúró". Èyí tó ṣẹ́kù kò ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ.

Mo ti jìyà àìṣírò yìí rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìdílé kan wá láti Èkó, wọ́n ka ibi márùn-ún fún mi, ojú sì ń tì mí láti sọ pé kò ní ṣeé ṣe. Gbogbo ibi márààrún la dé, a ò rí ọ̀kankan. À ń wọlé, à ń ya fọ́tò, à ń sáré jáde. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ sùn lọ sí mi lẹ́yìn lórí Òkè Màpó. Nígbà tí a fi máa padà dé Mọníyà, ọkọ̀ ti lọ, wọ́n sì sun Ìbàdàn ní tipátipá. Láti ọjọ́ náà, ibi méjì ni mo máa ń mú àlejò dé lójúmọ́, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì rí i dáadáa.

Torí náà, bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ lọ, kí ẹ má yà sí ibòmíràn. Apá ibi tí tésàn wà lòun náà wà, ẹ ò ní ba súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mókọ́lá àti Dùgbẹ̀ pàdé. Láti Mọníyà ẹ ó gba Ojòó, láti Ojòó ẹ ó gba Ọ̀rọ̀gùn, ẹ ó sì já sí géètì àgbà tó kọjú sí Agbówó. Kò ju bíi kìlómítà 10 lọ. Inú ọgbà kan náà ni ọgbà ẹranko, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìjẹun wà. Igi pọ̀, òjìji wà, màmá á sì ríbi jókòó nígbàkúgbà tí orúnkún bá ní kí wọ́n sinmi. Nítorí orúnkún náà, ẹ má wọ ọkọ̀ èrò tí wọ́n á fún yín mọ́ra. Ẹ gba Micra kan odindi, èyí tí à ń pè ní dírọ́ọ̀pù, kí ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó jókòó sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí awakọ̀ tí ara yín balẹ̀ sí, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ kó wá gbé yín padà.

Ọgbà ẹranko ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, torí bí ẹ bá gbé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣíwájú, "ìgbà wo la máa rí kìnnìún?" ni ẹ máa gbọ́ títí. Ọdún 1948 tí yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń kó ẹranko díẹ̀ jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹranko. Ní 1974 ló wá di ọgbà ẹranko tó dúró fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń sáré láti ibi àgò kan sí èkejì níbẹ̀. Màmá ni kí ẹ fi ṣe olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró níwájú ẹranko kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà èwe. Ọmọ Agége òde òní mọ "lion" àti "crocodile", kò mọ̀ pé ọlọ́dẹ ní ọ̀rọ̀ ìjálá tó fi ń ki ẹranko kọ̀ọ̀kan, kò mọ ìyàtọ̀ ọ̀nì sí awọ́nrínwọ́n. Ọmọ tó bá gbọ́ àlọ́ ìjàpá lẹ́nu ìyá àgbà, tó wá rí ìjàpá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ní gbàgbé ọjọ́ náà láéláé. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ju bísíkíìtì sí ọ̀bọ.

Láti ibẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń rìn nínú ọgbà lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà, Institute of African Studies, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀, kò tóbi, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọdé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá máa ń tán wọn lókun. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, torí ọ́fíìsì ni.

Ìyá Ìbejì, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè fún bí ẹ bá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé èyíkéyìí n'Ìbàdàn: ère ìbejì. Mo mọ̀ pé òbí ìbejì mìíràn kì í fẹ́ sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń sọ fún wọn. Láyé àtijọ́, ìbejì tètè ń kú, torí wọ́n máa ń kéré nígbà tí wọ́n bá bí wọn, kò sì sí ilé ìwòsàn tó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Bí ọ̀kan bá lọ, babaláwo á ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún un, kí ó lè ní ibi tó máa dúró sí, kí ó má baà pe èkejì rẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìyá á máa wẹ ère náà bó ṣe ń wẹ èyí tó wà láàyè. Á fi osùn pa á. Bó bá ń fún ọmọ ní ẹ̀wà, á fún ère. Á dá a sùn, á jí i lówùúrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí Táyé àti Kẹ́hìndé wo ojú ère náà dáadáa. Nínú àwọn tó ti pẹ́, imú ti dán, ètè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ilà ojú kò hàn dáadáa mọ́. Kì í ṣe agbẹ́gilére ni kò mọ iṣẹ́. Ọwọ́ ìyá ni. Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún tí ó fi ń fọ ojú ọmọ rẹ̀ ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wò bóyá irun orí àti ilà tó kù jọ ti ìlú tí màmá mọ̀, torí agbẹ́gilére ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń di irun ère tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí mo rí lójú àwọn ìbejì tí mo ti mú débẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù. Wọ́n máa ń dákẹ́, wọ́n á wo ara wọn, ọ̀kan á sì di èkejì lọ́wọ́ mú. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí náà ni Igbó-Ọrà wà, níbi tí ìbejì ti pọ̀ débi pé gbogbo ayé fi mọ ìlú náà. Ilẹ̀ ìbejì ni ẹ ń mú wọn bọ̀.

Bí agbára bá ṣì wà, ẹ béèrè ẹ̀ka Akíọ́lọ́jì, àwọn tó ń wa ilẹ̀ láti fi mọ ìtàn. Àwọn náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn. Thurstan Shaw tó dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ ló wú àwọn idẹ Igbo-Ukwu jáde ní 1959 sí 1960. Ní 1965, ó wa ilẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun lápá Àkúrẹ́, ó sì bá egungun ènìyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún àwọn ọmọ yín pé kò sí ènìyàn nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, kí wọ́n dárúkọ Ihò Eléérú fún un.

Nígbà tí ẹ bá ń jáde, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ gba iwájú Trenchard Hall àti ilé ìkàwé Kenneth Dike kọjá. Tọkọtaya òyìnbó kan, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló yàwòrán wọn. Ẹ wo ara ògiri ilé ìkàwé náà bó ṣe ní ihò wínníwínní káàkiri. Wọ́n ṣe é kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá kí oòrùn má sì ráyè wọlé tààrà. Nígbà yẹn kò sí ẹ̀rọ amúlétutù káàkiri, ọgbọ́n ni wọ́n fi ń gbọ́n ooru.

Oúnjẹ kò le. Ẹ wá sí Ìbàdàn, àmàlà ni. Nínú ọgbà yunifásítì ẹ ó rí èyí tó dára, ní Agbówó àti Bódìjà ẹ ó rí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì lé ewédú, kí ọbẹ̀ ata wá lé e lórí, èyí là ń pè ní àbùlà. Ọmọ tó bá ní òun kì í jẹ ewédú l'Ágége á yí ohùn padà.

Èyí ni ti ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ tèmi, mi ò ní jẹ́ kí ẹ padà lọ́jọ́ náà. Ẹ wá ní Tọ́sìdeè, kí ẹ sùn, kí ẹ padà ní Fúráìdè. Owó ilé ìtura á wọ̀ ọ́, mo mọ̀, àmọ́ Ìbàdàn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ kò sí nínú ọgbà yunifásítì nìkan. Ẹ wá ilé ìtura sí apá Bódìjà tàbí Jẹ́ríkò, kí ẹ má sùn jìnnà sí ìgboro.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ lọ sí National Museum of Unity, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀, lápá Alẹ́ṣinlóyè. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa rí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yorùbá àti ti àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà papọ̀. Àwọn ìkòkò ni kí ẹ fi lé màmá lọ́wọ́. Lára ògiri, wọ́n lè kọ "ìkòkò amọ̀" sí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n màmá mọ̀ pé orù kì í ṣe àmù, pé ìṣaasùn kì í ṣe agbada, pé àjẹrẹ ni èyí tó ní ihò káàkiri lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn èwo ló wà nílé bàbá wọn, ta ló ń mọ ọ́n, kí ni wọ́n máa ń ṣe bó bá fọ́. Bí ẹ bá ní fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ máa rí gbà lọ́jọ́ náà, kò sí nínú ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí ẹ tó ya fọ́tò ohunkóhun, torí nínú ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa, wọn kì í gbà á láìgbàṣẹ.

Láti Alẹ́ṣinlóyè sí Dùgbẹ̀ kò jìnnà. Ilé Kòkó ló máa kí yín káàbọ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ ọ tán, alájà 26 ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Nígbà yẹn, kò sí ilé tó ga tó o ní Nàìjíríà. Owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn gbìn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó jóná ní 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 1992. Inú ilé náà ni wọ́n kó ohun ìrántí àwọn aṣáájú Yorùbá jọ sí, Oodua Museum and Hall of Fame. Ẹ béèrè lẹ́nu géètì bóyá wọ́n ń gba àlejò lọ́jọ́ náà. Ìtòsí ibẹ̀ náà ni tésàn ti ọdún 1901 wà. Ẹ dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀ kí àwọn ọmọ fi wé Mọníyà tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ lánàá.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ máa gun Òkè Màpó. Ọkọ̀ lè gbé màmá dé ìdí gbọ̀ngàn náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gòkè láti Ọjà'ba. Wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, nígbà tí Kápítéènì Ross ń ṣe ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Taffy Jones ló kọ́ ọ. Òpó gàgàrà tó wà níwájú rẹ̀, bíi ti Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ṣe é, kí ará ìlú lè mọ̀ láti òkèèrè pé ìjọba wà lórí òkè. Ará Ìbàdàn ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ṣáá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Ọba Lekan Balogun jẹ Olúbàdàn ní 2022, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti dé Ọba Owolabi Olakulehin ládé ní 2024. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé n'Ìbàdàn, kò sí ìdílé ọba kan ṣoṣo. Àkàbà oyè ni wọ́n ń gùn díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ láyé tó sì ní sùúrù ló ń dé òkè. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ yíjú sí ìsàlẹ̀ kí ẹ wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó lọ salalu títí ojú ò fi tó o mọ́. Mo ti wò ó láìmọye ìgbà, kò tíì sú mi.

Ibi tó kàn, màmá á jókòó sísàlẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni ẹ máa gòkè. Ilé ìṣọ́ Bower ni, lórí Òkè Ààrẹ, kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, ó ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà 60. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni, ìdí nìyẹn tí àwa ará Ìbàdàn fi ń pè é ní Layípo. Orúkọ rẹ̀ kejì ni Ilé Awòṣífìlà, torí ẹni tó bá gbójú sókè wò ó, fìlà rẹ̀ á ṣí bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ ó rí gbogbo ìlú, ẹ ó rí Ilé Kòkó tí ẹ ti kúrò ní ìdí rẹ̀, ẹ ó rí Màpó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìran nìkan sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Kápítéènì Robert Lister Bower tí wọ́n fi ilé náà rántí ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn láti 1893. Òun náà ló yin ìbọn ńlá sí ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895, ní ìgbà Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Orí òkè tí wọ́n kọ́ ilé ìrántí rẹ̀ sí, Ààrẹ Látòósà ló ni orúkọ rẹ̀, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kó ọmọ ogun Ìbàdàn lọ sí ogun Kírìjì, tó sì kú sójú ogun ní 1885. Ó máa ń dùn mí pé àlejò á gun ilé náà, á mọ orúkọ òyìnbó, á sì sọ̀kalẹ̀ láìmọ orúkọ Ààrẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì mọ méjèèjì.

Àwọn ibi tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ọgbà Agodí dára fún ọmọdé tó bá fẹ́ sáré kiri. Omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 ló bà á jẹ́, wọ́n sì ti tún un ṣe. Mo lè fi sílẹ̀ nítorí Layípo láìkábàámọ̀. IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ló sún mọ́ tésàn Mọníyà jù, igbó ńlá sì wà nínú rẹ̀ tí ẹyẹ pọ̀ sí. Lára wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ ìlú wa pè, Malimbus ibadanensis, tó ti di ọ̀wọ́n gan-an. Àmọ́ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń já wọ̀. Ẹ ní láti kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Ní Samọ́ńdà, lójú ọ̀nà láti Yunifásítì Ìbàdàn sí Ṣàngó, ilé ìjọsìn àwọn Dominican wà níbẹ̀, Demas Nwoko ló yàwòrán rẹ̀, òun náà ló ṣe ti gbọ̀ngàn àṣà tó wà lórí òkè Mókọ́lá. Ní 2023, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún ayàwòrán-ilé fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá fẹ́ràn yíyàwòrán, ẹ mú un débẹ̀, kí ẹ ṣe jẹ́jẹ́, torí ibi àdúrà ni.

Ẹ mú ṣẹ́ńjì dání, owó kékeré, kí àríyànjiyàn má ṣẹlẹ̀ láàárín yín àti ọlọ́kọ̀. Ẹ mú agbòjò, omi àti bàtà tó rọ̀ fún màmá. Ẹ fi wákàtí kan kún iye àkókò tí awakọ̀ bá sọ pé Dùgbẹ̀ sí Mọníyà máa gbà lọ́sàn-án Fúráìdè.

Ohun kan kù, inú ọkọ̀ ojú irin ló wà. Gbogbo ibùdókọ̀ tí ẹ máa gbà kọjá ló ń jẹ́ orúkọ ènìyàn. Ẹ ní kí àwọn ọmọ mú ìwé àti bírò, kí wọ́n máa kọ wọ́n sílẹ̀: Fashola ni ti Agége yín, Jakande ní Agbádó, Osinbajo ní Kájọlà, Funmilayo Ransome-Kuti ní Pápáláńtò, Wole Soyinka ní Abẹ́òkúta, Osoba ní Olódò. Ọkọ̀ lè má dúró ní gbogbo wọn, nítorí náà kí wọ́n la ojú wọn. Èyí tó kẹ́yìn kí ẹ tó dé Mọníyà ni Òmí-Àdió, Ládòkè Akíntọ́lá ni wọ́n fi pè é. Tésàn Akíntọ́lá àti ti Awólọ́wọ̀ tẹ̀ lé ara wọn, bí àwọn méjèèjì ṣe tẹ̀ lé ara wọn lórí àga olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1959, tí Akíntọ́lá gbà á lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀, kí ìjà tó dé sáàárín wọn ní 1962. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni màmá nígbà ìjà náà, bí àwọn ìbejì ṣe wà báyìí. Bí ẹ bá rí orúkọ Òmí-Àdió lára ògiri, ẹ ní kí màmá sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́ nílé bàbá wọn lọ́dún náà. Kí ẹ tó dé Mọníyà, ààyè á ti wà díẹ̀ fún wọn láti bẹ̀rẹ̀.